Àìgbọdọ̀máṣe: Gírámà Àṣẹ Àyẹ̀wò Ìyẹ́ Ọkọ̀ Òfuurufú ní Èdè Yorùbá

1. Ìfáàrà

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan ẹ̀rọ, ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ bèèrè ni pé: kí ni Yorùbá ń pe èyí, kí ni Yorùbá ń pe tọ̀hún? Ìbéèrè tó dára ni, òun ló sì bí iṣẹ́ èdè-ìperí tí àwọn àgbà onímọ̀ ẹ̀dá-èdè wa ti ṣe. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú iṣẹ́ yìí ni pé, tí a bá ń túmọ̀ àṣẹ tó so mọ́ ẹ̀mí ènìyàn, ọ̀rọ̀-orúkọ kọ́ ni ibi tí ewu pọ̀ sí jù. Ewu náà wà lára àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ kà sí: gbọ́dọ̀, kí … tó, kọ̀ọ̀kan, àti bí a ṣe ń ka ọjọ́.

Àpẹẹrẹ tí mo yàn ni àṣẹ tí àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú máa ń pa pé kí a yẹ ẹ̀yà kan lára ìyẹ́ ọkọ̀ wò. Faransé ń pe irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ní consigne de navigabilité. Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní airworthiness directive. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Àkọ́kọ́, àṣẹ náà kì í ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó ń dáhùn ìbéèrè mẹ́rin: ta ni àṣẹ kàn, kí ni kí ó ṣe, nígbà wo, bí ó bá sì rí àbùkù ńkọ́? Ìkejì, èdè méjèèjì yìí ni ibodè tó wà nítòsí wa pín sí ọ̀tún àti òsì. Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, ni mo ti ń kọ iṣẹ́ yìí. Igolo wà nínú kọ́múùnù wa, Ìdí-Ìrókò sì wà ní òdìkejì. Mẹkáníìkì tó kọ́ṣẹ́ ní Kútọnu yóò sọ boulon àti écrou. Èyí tó kọ́ṣẹ́ ní òdìkejì yóò sọ bóòtì àti nọ́ọ̀tì. Síbẹ̀, bí àwọn méjèèjì bá fẹ́ sọ fún ọmọṣẹ́ wọn pé ọkọ̀ kan kò gbọdọ̀ jáde, gbólóhùn kan náà ni wọn yóò lò. A lè yá ọ̀rọ̀-orúkọ lọ́wọ́ ẹni tó bá wù wá. Gírámà àṣẹ kò ṣeé yá bẹ́ẹ̀.

2. Irú àṣẹ wo nìyí?

Ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ òfuurufú máa ń kọ ìwé sí àwọn tó rà á pé ó yẹ kí wọ́n wo ibi báyìí báyìí. Ìmọ̀ràn nìyẹn. Ó ń di àṣẹ nígbà tí ìjọba tó fọwọ́ sí àwòrán ọkọ̀ náà bá gbé e kalẹ̀ lábẹ́ òfin. FAA ní Amẹ́ríkà ló ń ṣe èyí fún Boeing. EASA, tí olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀ wà ní ìlú Cologne ní Jámánì, ló ń ṣe é fún Airbus. Àsomọ́ 8 ti àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní Chicago ní 1944 sọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń dé ọ̀dọ̀ àwọn yòókù: ìjọba tó ni àwòrán yóò fi tó ìjọba tí wọ́n forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ létí, ìyẹn yóò sì gba àṣẹ náà tàbí kí ó ṣe èyí tó yẹ. Ní Nàìjíríà, NCAA ni. Ní Benin, ANAC ni. Èdè mẹ́fà ni ICAO, àjọ tó ń bójú tó àdéhùn yìí, fi ń ṣiṣẹ́: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Sípáníìṣì, èdè Rọ́ṣíà, Lárúbáwá àti èdè Ṣáínà. Yorùbá kò sí níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń béèrè pé kí ó wà níbẹ̀ lọ́la. Àwa onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ló wúlò fún láti fi irú àṣẹ yìí dán èdè wa wò, nítorí pé kò gba àṣìgbọ́ kankan.

Òfin Amẹ́ríkà tó dá lé àwọn àṣẹ wọ̀nyí, Part 39, sọ pé ohun méjì gbọ́dọ̀ pàdé kí wọ́n tó pa àṣẹ: kí ewu wà lára ọkọ̀ kan, kí ó sì ṣeé ṣe kí ewu náà wà tàbí kí ó yọjú lára àwọn mìíràn tí àwòrán wọn jọ jẹ́ ọ̀kan náà. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Nítorí náà, ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ nìkan kọ́ ni àṣẹ náà ń bá wí. Àwọn tó ṣì ń fò, tí ara wọn dá ṣáká lójú, ló ń bá sọ̀rọ̀ jù.

3. Ó sán, ó ṣẹ́, ó já bọ́

Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 1992, ọkọ̀ akẹ́rù Boeing 707 kan tó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ Nàìjíríà, 5N-MAS, ti ilé-iṣẹ́ Trans-Air Service, gbéra láti Luxembourg, ó ń lọ sí Kano. Ènìyàn márùn-ún ló wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó dé òfuurufú gúúsù-ìlà-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ẹ́ńjìnnì kẹta já kúrò lábẹ́ ìyẹ́ ọ̀tún, ó kọ lu ẹ́ńjìnnì kẹrin, ìyẹn náà sì já. Iná mú ìyẹ́ náà. Àwọn awakọ̀ fi ẹ́ńjìnnì méjì tó kù lápá òsì gbé ọkọ̀ náà balẹ̀ ní pápá ọkọ̀ òfuurufú àwọn ológun ní Istres, kò sì sí ẹni tó kú.

Àwọn olùṣèwádìí Faransé rí i pé ìdè kan lára òpó tó gbé ẹ́ńjìnnì kẹta kọ́ sábẹ́ ìyẹ́ ló ṣẹ́, nítorí pé àárẹ̀ ti mú irin náà. Ohun tó yẹ kí ó dá wa dúró ni pé àṣẹ ti wà tẹ́lẹ̀ pé kí a máa yẹ agbègbè òpó yẹn wò. Èrò àwọn olùṣèwádìí ni pé àṣẹ náà kò múná dóko tó. Kíkọ àṣẹ sílẹ̀ kò tó. Ohun tó ní kí a ṣe, bí ó ṣe ní kí a ṣe é, àti ìgbà tó ní kí a ṣe é ló ń pinnu bóyá yóò gba ènìyàn là.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí Yorùbá ní fún irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí. Ẹ̀rọ Faransé ní crique, rupture àti séparation. Yorùbá ní ju mẹ́ta lọ: sán, là, fọ́, ṣẹ́, kán, ya, já. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yan irú ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí. Okùn ló ń já, aṣọ ló ń ya, igi tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń ṣẹ́ tàbí kán, àwo ló ń fọ́. Sán ní tirẹ̀ dá yàtọ̀. Ìkòkò tó sán ṣì jẹ́ ìkòkò. Ó ṣì lè wà lórí àdògán, ẹni tó ń wò ó láti ọ̀nà jíjìn kò ní mọ̀. Irin tí a ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn, bí ọmọdé ṣe ń ṣe wáyà, yóò kọ́kọ́ sán kí ó tó ṣẹ́. Èdè wa tilẹ̀ ní gbólóhùn tó bá a mu: ó rẹ irin náà. Irin ni àbọ̀ níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ènìyàn ṣe jẹ́ àbọ̀ nínú ó rẹ̀ mí. Kò ṣe nǹkan kan. Nǹkan ló ń ṣe é.

Ààrin sán àti ṣẹ́ ni gbogbo iṣẹ́ àyẹ̀wò wà. Nítorí náà, olùtumọ̀ tó bá kọ ọ́ pé “bí ẹ bá rí i pé ìdè náà ti bàjẹ́” ti pa àṣẹ náà. Mẹkáníìkì yóò wò ó, yóò rí i pé ó ṣì di ẹ́ńjìnnì mú gírígírí, yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò bàjẹ́. Òótọ́ ló sọ. “Bí ẹ bá rí i pé ó sán, bó ti wù kí ó kéré tó” ni ohun tí àṣẹ ń wá.

Bákan náà ni wò àti yẹ̀ … wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni yẹ̀ … wò, ó sì lágbára ju wò lọ. Àmọ́ kò sọ ohun tí a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ojú kò rí gbogbo ibi tó sán. Àwọn ibòmíràn wà tó jẹ́ àwọ̀ ni a máa fi kùn ún kí ó tó hàn, tàbí kí a lo ẹ̀rọ tó ń rán ìró wọ inú irin. Àsínpọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe tó ní fi ló ń ṣe iṣẹ́ yìí fún wa: ẹ fi ojú yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ fi àwọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Àṣẹ tí kò bá ní fi ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi ojú lásán wò ó kọjá.

4. Gbọ́dọ̀ àti kò gbọdọ̀

(1) Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ ìdè náà wò.
(2) Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ fò.

Ohùn òkè wà lórí sílébù àkọ́kọ́ nínú (1). Nínú (2), ohùn àárín ni. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìtumọ̀. Tí ìyísódì bá wọlé, kò gbọdọ̀ di èèwọ̀. Kò túmọ̀ sí pé “kò pọn dandan”. Faransé tí mo fi kàwé láti kékeré ní ne doit pas, tó lè jẹ́ èèwọ̀, tó sì tún lè jẹ́ ìméfò: il ne doit pas être là lè túmọ̀ sí pé ó jọ pé ẹni náà kò sí níbẹ̀. Kò gbọdọ̀ wà níbẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kejì yẹn. Tí a bá fẹ́ sọ pé a yọ̀ǹda, gbólóhùn mìíràn pátápátá ni a óò lò: kò pọn dandan kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Lórí kókó yìí, èdè wa ṣe kedere ju Faransé lọ.

Ẹ wá wo àìgbọdọ̀máṣe. Tí a bá tú u, a óò rí àì-, gbọdọ̀, má àti ṣe. Ìyísódì méjì ló wà nínú rẹ̀. Kì í ṣe “ohun tí a ní láti ṣe” nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń wí. Ó ń wí nípa ohun tí ó jẹ́ èèwọ̀ láti fi sílẹ̀ láìṣe. Ìyàtọ̀ yìí jọ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán títí a ó fi ka Part 39. Òfin náà kò dúró lórí pé kí ẹnì kan lọ yẹ ọkọ̀ wò. Ó sọ pé ẹni tó bá ń lo ọkọ̀ tí kò bá ohun tí àṣẹ béèrè mu ti rú òfin. Fífò ni òfin mú, kì í ṣe àyẹ̀wò. Ẹ fi (3) wé (4):

(3) Ẹ gbọ́dọ̀ yẹ ìdè ọkọ̀ náà wò.
(4) Ọkọ̀ tí a kò bá tíì yẹ ìdè rẹ̀ wò kò gbọdọ̀ fò.

Nínú (3), iṣẹ́ wà fún ẹnì kan tí ẹ dúró fún. Bí ẹni náà bá ń ṣàìsàn, tàbí bí ọ̀gá rẹ̀ bá rán an níṣẹ́ mìíràn, àṣẹ ń dúró dè é, ọkọ̀ sì ń fò lọ ní tirẹ̀. Nínú (4), ọkọ̀ ni àṣẹ so mọ́lẹ̀. Ẹni yòówù kí ó ṣe àyẹ̀wò, tí a kò bá tíì ṣe é, ọkọ̀ kò ní gbéra. Àbá mi ni pé kí àṣẹ tó kan ẹ̀mí máa ní irú gbólóhùn (4), kí (3) sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti ṣàlàyé iṣẹ́.

5. Kí … tó, tún, àti títí

(5) Ẹ yẹ ìdè náà wò kí ọkọ̀ tó fò.
(6) Ẹ yẹ ìdè náà wò kí ọkọ̀ tó tún fò.
(7) Ọkọ̀ náà kò gbọdọ̀ fò títí ẹ ó fi yẹ ìdè náà wò.

A lè gbọ́ (5) gẹ́gẹ́ bí ìṣe ojoojúmọ́, irú àyẹ̀wò tí awakọ̀ ń ṣe ní gbogbo àárọ̀. Tún inú (6) ló sọ pé ọkọ̀ yìí ti ń fò tẹ́lẹ̀, pé ìrìn-àjò tó kàn gan-an ni a ń sọ. Ohun tí Faransé fi avant le prochain vol sọ nìyẹn. Sílébù kan ṣoṣo ni Yorùbá fi sọ ọ́, ó sì rọrùn láti gbàgbé.

Pọ́nna ni (7). Ìtumọ̀ tí a fẹ́ ni pé ọkọ̀ kò ní fò rárá kí a tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣùgbọ́n bí ìyísódì bá bo àpólà títí náà mọ́lẹ̀, ohun tí a óò gbọ́ ni pé ọkọ̀ kò gbọdọ̀ máa fò lọ títí di ìgbà àyẹ̀wò. Ó lè fò díẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lè fi ohùn àti ìdánudúró yanjú rẹ̀. Ìwé kò lè dánu dúró fún wa. Kí a fi títí sílẹ̀ nínú irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀, kí a lo kí … tó.

6. Ìdè kan tàbí gbogbo ìdè?

Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2007, ọkọ̀ Boeing 737-800 ti China Airlines balẹ̀ sí Naha ní Okinawa, ní Japan. Kété tí ó dúró, epo ń ya nílẹ̀, iná sì sọ. Gbogbo ènìyàn 165 tó wà nínú rẹ̀ ló jáde láàyè. Ìwádìí fi hàn pé bóòtì kan ló bọ́ nínú ìyẹ́, lára irin tó ń gbé pátákó iwájú ìyẹ́ yọ síta. Wáṣà tó yẹ kí ó wà lẹ́yìn nọ́ọ̀tì kò sí níbẹ̀. Nọ́ọ̀tì bọ́, bóòtì já sínú ihò, irin náà sì fi í lu táǹkì epo. Ní ọjọ́ 25 oṣù náà, FAA pa àṣẹ pàjáwìrì pé kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò lára gbogbo ọkọ̀ irú rẹ̀.

Ìyẹ́ kan ní ju ẹyọ irin bẹ́ẹ̀ kan lọ, ìyẹ́ sì jẹ́ méjì. Ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá kì í yí padà fún iye. “Ẹ yẹ bóòtì wò” lè jẹ́ ẹyọ kan, ó lè jẹ́ gbogbo wọn. “Ẹ yẹ àwọn bóòtì wò” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó yẹ márùn-ún wò nínú mẹ́jọ ti yẹ àwọn bóòtì wò, kò purọ́. “Ẹ yẹ bóòtì kọ̀ọ̀kan wò, ní ìyẹ́ ọ̀tún àti ní ìyẹ́ òsì” nìkan ni kò fi àyè sílẹ̀. Kí a kíyè sí i pé ìyẹ́ ni mo ń lò, kì í ṣe apá. Apá ọ̀tún ọkọ̀ lè jẹ́ gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀. Tí a kò bá sì fi àmì ohùn sí i, apá àti àpá tún di ọ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ sì ni àpá wà lára ohun tí ẹni tó ń yẹ irin wò ń wá. Bóyá ẹ ń kọ ẹ àti ọ bí ti Nàìjíríà, bóyá ẹ ń kọ ɛ àti ɔ bí ti álífábẹ́ẹ̀tì Benin, àmì ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú irú ìwé yìí.

7. Ọjọ́ méje ta ni?

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, FAA pa àṣẹ lórí Boeing 737 NG, lẹ́yìn tí wọ́n rí i pé irin oníga tó so ìyẹ́ mọ́ ara ọkọ̀ sán lára àwọn kan. Ọkọ̀ tó bá ti gbéra tó sì ti balẹ̀ ju ìgbà 30,000 lọ ní ọjọ́ méje péré. Èyí tó wà láàrin 22,600 sí 29,999 ní ìgbéra-àti-ìbalẹ̀ 1,000 sí i kí àyẹ̀wò rẹ̀ tó di dandan.

Iye ìgbéra kò ní wàhálà. Ọjọ́ ni kí a ṣọ́ra fún. Nínú ìṣirò àwọn baba wa, ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ wà nínú kíkà. Ìjẹta ní ẹ̀ta nínú, bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ méjì péré ló ti kọjá. Ọjà ọrún ń jẹ́ ọrún nítorí márùn-ún, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ni a ń ná an. Faransé náà ní irú rẹ̀: huit jours ni ọ̀sẹ̀ kan, quinze jours ni ọ̀sẹ̀ méjì. Òfin kì í kà bẹ́ẹ̀. Bí àṣẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ ní Ọjọ́bọ̀, ẹni tó ka ọjọ́ náà mọ́ ọn yóò parí ní Ọjọ́rú; ẹni tí kò kà á mọ́ ọn yóò parí ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé e.

Níbi yìí, kíkà tiwa yára ju ti òfin lọ, kò sì pa ẹnikẹ́ni lára. Ibi tó ti lè pani lára ni ìtàdógún. Ọ̀pọ̀ ń lò ó báyìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ẹ̀tàdínlógún ló wà nínú rẹ̀, àgbàlagbà tó mọ ọjà ìtàdógún mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà láàrin ọjà kan sí èkejì. Bí olùtumọ̀ bá rí ọjọ́ 14 nínú àṣẹ, tó sì fi ìtàdógún dípò rẹ̀ kí èdè rẹ̀ lè dùn, ó ti fi ọjọ́ méjì kún un fún ẹni tó gbọ́ ọ bí àwọn àgbà ṣe ń gbọ́ ọ. Kí a kọ ọjọ́ tí yóò parí sílẹ̀, pẹ̀lú aago rẹ̀. Níbi tí iye wákàtí àti iye ìgbéra bá sì ti wà pọ̀, kí a fi “èyí tó bá kọ́kọ́ pé nínú méjèèjì” kún un.

8. Àgbálọgbábọ̀

Mo kọ àpẹẹrẹ àṣẹ tó wà nísàlẹ̀ yìí fúnra mi, láti kó gbogbo ohun tí mo ti sọ jọ:

(8) a. Ọkọ̀ tí a kò bá tíì yẹ àwọn ìdè rẹ̀ wò bí (b) ṣe wí kò gbọdọ̀ fò lẹ́yìn aago méjìlá òru tó parí ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá.
b. Ẹ fi àwọ̀ yẹ ìdè kọ̀ọ̀kan wò, ní ìyẹ́ ọ̀tún àti ní ìyẹ́ òsì.
d. Bí ìdè kan bá sán, bó ti wù kí ó kéré tó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ọkọ̀ tó tún fò.

Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ẹni tó bá ń ṣe mọ́tò létí títì Igolo. A lè mú ìyẹ́ kúrò níbẹ̀, kí a fi bíréèkì sí i, kí ó di ti àyẹ̀wò mọ́tò tí a ń pè ní visite technique. A lè fi gáàsì ìdáná tàbí oògùn ọmọdé dípò rẹ̀. Àwọn fónrán tó gbé àṣẹ náà ró kò ní yí padà.

Yorùbá àjùmọ̀lò ni mo fi kọ àwọn àpẹẹrẹ yìí. Iṣẹ́ tó kù fún akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fẹ́ tẹ̀ síwájú ni láti gbé (4), (6) àti (7) lọ sínú àwọn ẹ̀ka-èdè wa ní ìhà méjèèjì ibodè, kí ó bi àwọn tó ń sọ wọ́n léèrè ìgbà tí ọkọ̀ lè fò àti ìgbà tí kò lè fò. Ìdáhùn wọn yóò sọ fún wa irú gbólóhùn tí a lè fi lé mẹkáníìkì lọ́wọ́ láìsí ìbẹ̀rù.